Ẹ̀KỌ́ NÍPA ILÉ: ÌTẸ́LỌ́RÙN NÍNÚ YÀRÁ MÉJÌ

Kò sí ìráhùn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìdílé ìlú Èkó ju ti ilé tí ó há lọ. Ọkọ, aya àti ọmọ mẹ́rin nínú yàrá méjì. Ilé ìdáná kan fún gbogbo ayálégbé. Títò sí ìdí ẹ̀rọ omi ní ìdájí. Nítorí náà ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá fún yín ní oṣù yìí.

Èkíní: Kí ni ilé? Ní ọdún 1928 ni a dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1955 ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó fún mọ́ra ní àárín Erékùṣù Èkó, a sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Súúrùlérè. Àwọn ilé náà dára, wọ́n sì mọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn, fihàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1961 pé púpọ̀ nínú wọn ń ṣàárò ará àti ojúlùmọ̀. Owó ọkọ̀ wọ̀ wọ́n lọ́rùn, òwò àwọn obìnrin sì jó rẹ̀yìn. Ẹ kíyèsí i pé ògiri nìkan kọ́ ni ilé. Aládùúgbò tí ń bá ni wo ọmọ, alátẹ tí ń ta iyọ̀ fún ni ní àwìn, ọ̀nà tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ilé. Ẹni tí ó bá ka yàrá rẹ̀ nìkan kò tíì ka ọrọ̀ rẹ̀ tán.

Èkejì: Ẹ ṣọ́ra fún ojú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa tìkára wa lọ kí ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Yàrá márùn-ún ni ilé rẹ̀. Nígbà tí a padà dé, yàrá wa méjèèjì ṣú lójú wa. A bá àwọn ọmọ wí nítorí pé wọ́n tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà, a kò sì jẹ oúnjẹ alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà a gba ìwé láti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí a lè gba ilé ńlá. Ìyá àwọn ọmọ wa kò jiyàn. Ó gbé ìwé ìnáwó ilé wá, ó ní, "Bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye tí a ó máa san padà lóṣooṣù sí i, kí ẹ sì fi ibi tí owó ìdánwò ọmọ yín yóò ti wá hàn mí." A ṣírò rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a kò rí i. Ojú tì wá, a sì fa ìwé àyáwó náà ya. Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá wa kò yí padà láti òwúrọ̀ sí alẹ́ ọjọ́ náà. Ojú tí a fi wò ó ni ó yí. Ọmọ náà ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọdún náà. Orí tábìlì oúnjẹ wa ni ó ti ń kàwé, lẹ́yìn tí a bá ti palẹ̀ àwo mọ́.

Ẹ̀kẹta: Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdákẹ́ níwájú ìrẹ́jẹ. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò fún onílé láàyè láti béèrè ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí a bá béèrè owó ọdún 2 lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọ́ka sí òfin, kò ṣẹ̀. Nínú ilé pẹ̀lú, ẹ má fi àpótí dí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè ré kọjá. Ẹ ká ẹní ní òwúrọ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ kò lò láti ọdún kan wá ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ gbin ewúro sínú ìkòkò tí ó sán ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì bá àwọn ayálégbé yòókù pín ọjọ́ gbígbá àgbàlá.

Ìbéèrè fún kíláàsì: (1) Kí ni àwọn tí a kó lọ sí Súúrùlérè jèrè, kí ni wọ́n sì pàdánù? (2) Dárúkọ ohun mẹ́ta ní àdúgbò rẹ tí ìwọ yóò ṣàárò bí o bá kó lọ lọ́la. (3) Ta ni yóò san gbèsè ilé ńlá náà, baba ni tàbí ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù dáhùn ti ẹ̀kẹta nínú ilé rẹ̀, kí oṣù yìí tó parí.