Ohùn Kò Kú, Ó Yà Sílé Mìíràn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ló yẹ kí ẹni tí kò ríran, tó sì ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ rántí lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì. Àmì ìpè Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ẹni tó ń pè ríran tàbí kò ríran. Etí ló ń ṣiṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tí ohùn kọ̀ǹpútà bá lọ, ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sí lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ì bá fi tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì kankan ná. Ẹ jókòó, kí ẹ bi ara yín pé: kí ló ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn kí ó tó dákẹ́?

Ní Port Harcourt, ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà jìnnà. Wọ́n mú iná lọ, ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀, iná dé, wọ́n tún yí i padà. Bí iná bá ti já, rédíò a kú, a tún jí, Windows a sì kí i bí àlejò tuntun. Rédíò òde òní bí Icom IC-7300 ní káàdì ohùn tirẹ̀ nínú, wáyà USB kan ṣoṣo ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. USB Audio CODEC ni Windows ń pè é, ó sì lè sọ ọ́ di sípíkà àkọ́kọ́ láìbèèrè lọ́wọ́ yín. Ohùn tó ń kàwé fún yín kò kú nígbà náà. Inú rédíò ló ń sọ̀rọ̀ sí. Bí VOX, ètò tó ń jẹ́ kí ohùn fúnra rẹ̀ mú rédíò sọ̀rọ̀ jáde, bá wà ní títàn, rédíò lè gbé e jáde, kí ará Ìbàdàn tó wà lórí 7 MHz máa gbọ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín. Ẹ pa VOX, ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà USB yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn á padà sí sípíkà kọ̀ǹpútà.

Bí kò bá padà, ẹ tẹ Windows, Control àti Enter pọ̀. Èyí á jí Narrator, òǹkàwé tí Microsoft fi sínú Windows. Bí Narrator bá fọhùn, ara sípíkà le. Òǹkàwé tí ẹ ń lò, NVDA tàbí JAWS, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Control, Alt àti N á tún NVDA bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán Insert àti S wò pẹ̀lú, nítorí wọ́n lè pa NVDA lẹ́nu mọ́, ọwọ́ sì lè ṣèèṣì kàn wọ́n. Ẹ máa tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú sùúrù títí yóò fi sọ̀rọ̀. Michael Curran tó bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Ọsirélíà ní 2006, àti James Teh tó dara pọ̀ mọ́ ọn, kò ríran, ọ̀fẹ́ sì ni NVDA fún gbogbo ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí Narrator náà bá dákẹ́, ẹ tọ ọ̀nà ohùn lọ: bọ́tìnnì tó ń pa ohùn, wáyà etí tí ẹ gbàgbé sínú ihò, sípíkà tí kò ní iná.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ jáde nìkan ni ohùn ń já, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Agbára rédíò ló ń wọnú wáyà USB. Ẹ dín in kù láti 100 wáàtì sí 10. Bí ohùn bá dúró, ẹ fi òrùka ferrite sára wáyà náà, ẹ lo wáyà kúkúrú, ẹ yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí ẹni tí òrùka kékeré lè gbà là lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí ohùn ṣì wà, ẹ wọ ètò ohùn NVDA, kí ẹ fi orúkọ yan sípíkà kọ̀ǹpútà gan-an, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún Windows láti yàn. Nínú WSJT-X tàbí ètò rédíò yòówù tí ẹ ń lò, USB Audio CODEC ni kí ẹ yàn. Ẹ so òwú mọ́ wáyà rédíò kí ìka lè dá a mọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ Braille, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí: NVDA á máa kọ̀wé sábẹ́ ìka yín bí ohùn tilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará ilé ẹni tí kò ríran tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ má gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún un, kó fúnra rẹ̀ tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Bí ẹ bá sì ti wáyà bọ ihò mìíràn, ẹ sọ fún un kí ẹ tó dìde, nítorí Windows lè ka ihò tuntun sí ẹ̀rọ tuntun, kí gbogbo ohun tó ti tò sílẹ̀ sì dàrú.