Òbí àti Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì Kékeré ti Ìjọba

Bí ọmọ bá ti ń parí ìwé mẹ́fà ni òbí máa ń ro ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kàn: ṣé ti ìpínlẹ̀ tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni, àbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, bí irú èyí tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ ṣe ìdánwò àṣewọlé NECO? Òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ti ìjọba di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, àti owó oúnjẹ ọmọ tí ń gbé inú ọgbà, ọrùn òbí ni wọ́n wà.

Owó àti ìtòsí yìí ni àríyànjiyàn sábà máa ń dá lé. Ìwọ̀nba òbí ni ó ń béèrè bóyá olùkọ́ Yorùbá wà níbẹ̀. Àléébù ńlá nìyí, nítorí ọmọ tí kò bá kọ́ èdè náà fún ọdún mẹ́ta yìí, yóò ṣòro fún un láti mú un nínú ìdánwò àṣekágbá. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan. Níbi tí olùkọ́ kò bá sí, òfin náà kò lè kọ́ ọmọ.

Olùkọ́ ìwé mẹ́fà ni òbí máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Kí ó tó dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ó yẹ kí ó ti rí àtẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn: ìgbà mélòó ni Yorùbá ń wáyé lọ́sẹ̀, ta ni ó sì ń kọ́ ọ?