Kí lẹ́ẹ̀dì tó yọ́ ni ooru ti ń ba pánẹ́ẹ̀lì jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti inverter ṣe, iṣẹ́ tí oníbàárà bá gbé padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òfò gidi ni. Ẹ kò ní lè gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ yín á sì tún bàjẹ́. Ojú lẹ́ẹ̀dì tó so èròjà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni irú òfò bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá.

Oríṣi lẹ́ẹ̀dì méjì ló wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ táńganran ìdá 63 àti òjé ìdá 37 nínú 100. Dígírì 183 ló ń yọ́. Ti ìgbàlódé kò ní òjé nínú. Táńganran ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀. Ó di nǹkan bíi dígírì 217 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Láti oṣù Keje ọdún 2006 tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti dín òjé kù nínú ohun èlò iná, ti ìgbàlódé yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọjà tuntun. Ẹni tó bá fi ooru ti àtijọ́ jó o, á kàn lẹ̀ lóréfèé ni, kò ní í pẹ́ tí á fi já.

Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí lẹ́ẹ̀dì bá yọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, pánẹ́ẹ̀lì àti èròjà orí rẹ̀ máa ń fẹ̀. Bí a bá pa á, wọ́n á súnkì. Fífẹ̀ wọn kò dọ́gba, lẹ́ẹ̀dì tó wà láàárín ni ìyà ń jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni á fi sán. Ìdí nìyí tí inverter tí fáànù rẹ̀ ti kú fi tètè ń bàjẹ́.

Kí lẹ lè ṣe?

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀. Ti àtijọ́ sábà máa ń dán, ti ìgbàlódé máa ń ṣú díẹ̀.

2. Ẹ fa lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

3. Bí áyọ́ọ̀nù bá wà ní nǹkan bíi dígírì 350, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ lójú kan. Ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ti ń rọ̀ láti bíi dígírì 130, bàbà orí rẹ̀ á sì ṣí.

4. Ẹ gbọn eruku inú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì yẹ fáànù wò kẹ́ ẹ tó dé e padà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Bí ojú lẹ́ẹ̀dì kò bá sán, oníbàárà kò ní í gbé iṣẹ́ padà wá bá yín.