Ẹ Fi Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀fọ́ Yẹn Sílẹ̀ Fọ́jọ́ Mẹ́rin

Iṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ló ń pani. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ti jí lóru kó lè lọ pọnmi kò nílò àlàyé òwe yìí: ká tẹpá mọ́ṣẹ́, ká má fi fàájì lo ayé. Tọkọtaya àgbẹ̀ kan tó fi òwe yìí ba ìsinmi ara wọn jẹ́ ló mú mi gbé kálàmù, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́.

Ilẹ̀ kan tó ṣófo lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́, láàárín Ògbà àti Agége, ni wọ́n ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Ọkọ ló ń kọ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó ló ń di ẹ̀fọ́ ní ìdì-ìdì fún àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń jáde ní géètì láàárọ̀, wọ́n á bá àwọn méjèèjì lẹ́nu omi bíbù. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n jọ kúrò lórí ilẹ̀ yẹn.

Lóṣù keje tó kọjá, ìyàwó bẹ̀bẹ̀ títí ọkọ fi gbà. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége, wọ́n á lọ lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rán ìró àti bùbá tuntun, ó se mọ́ínmọ́ín, ó din ẹja, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. A ṣì ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí fóònù ọkọ dún: ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní òun ń bọ̀ wá wo bẹ́ẹ̀dì méjì. Ọkùnrin yìí dìde. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa padà. Iṣẹ́ kì í pani.” Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀,” ó sì gbé kúlà rẹ̀ sórí. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ọ̀hún kò wá lọ́jọ́ náà, kò wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti àgbàdo ní ìgbèríko, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìsinmi tirẹ̀. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ẹ̀fọ́ wọ́n l'Ékòó, ẹni tó bá ní kànga àti pọ́ǹpù ló ń rówó. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kúrò lóko nígbà náà. Àmọ́ tó bá di oṣù kẹfà sí ìkeje, òjò á máa ya bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀tẹ̀ á máa hù ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó tó tà. Dípò kí ẹ máa fún irúgbìn ní bẹ́ẹ̀dì kan lónìí, òmíràn lọ́tùnla, ẹ fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìsinmi yín tó dé, kí ẹ lè fà á tà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣófo, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ sí i, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó fún irúgbìn mìíràn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí omi tí ẹ máa bù, kò sí koríko tí ẹ máa tu. Ilẹ̀ ń sinmi. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò lè sinmi?

Àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn nígbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀, wọ́n á fà á lọ sí ìgbèríko fọ́jọ́ díẹ̀. A kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ la kò nílò rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Agége, nítòsí yín gan-an. Ẹ sọ̀ ní Láderin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ẹ wọkọ̀ wọ ìlú Abẹ́òkúta. Ẹ lọ wo Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní 1830. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín fara balẹ̀ yan àdìrẹ ní Ìtòkú láìsí ẹni tó ń kán an lójú.

Ẹni tó bá ní àgbẹ̀ kì í fi oko sílẹ̀ kò mọ ìtàn Agége. Kí ilé iṣẹ́ tó dé, oko kòkó àti oko obì ló wà níbẹ̀. Jacob Kehinde Coker ní oko ńlá ní Ìfàkọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti òkè wá bá wọn ṣiṣẹ́ kò fi ibẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ń padà sílé, ìmọ̀ kòkó gbígbìn sì bá wọn dé ìlú wọn. Bí wọ́n bá ti rọ̀ mọ́ Agége láìyẹsẹ̀ ni, kòkó ì bá pẹ́ kó tó tàn dé òkè.

Níbí ni èmi àti òwe yẹn ti pínyà. Àwọn baba wa tó pa á ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà tí wọn kì í yọ ọkọ́. Wọ́n ní ọdún ìbílẹ̀ tó ń pe ará oko wálé, wọ́n sì ń ta ayò lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tó ṣú ló ń dá iṣẹ́ wọn dúró. Lónìí, iná ilé iṣẹ́ kì í kú, jẹnẹrétọ̀ ń fa omi lóru, fóònù kò mọ ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde ní 2021 pé ènìyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa ní 2016 nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Kí ẹ ka wákàtí tiyín láti ìdájí títí di alẹ́, kí ẹ fi ọjọ́ Àìkú kún un.

Òṣìṣẹ́ tó wà ní òdìkejì ògiri ilé iṣẹ́ ní òfin lẹ́yìn: bó bá ti ṣe oṣù 12 gbáko, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní ọ̀gá tó máa fún yín níwèé ìsinmi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ mú ọjọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀.

Ní ti fóònù, ẹ fún aládùúgbò tó bá ń bá yín ṣọ́ ilẹ̀. Kó dá àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ lóhùn, kó ní ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá ní fóònù kejì, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín nìkan. Tó bá wá di oṣù kẹjọ tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ bá aládùúgbò yẹn ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ náà lè lọ.