Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹgbò Tí A Kò Fẹ́ Kó Dí

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ glọkómà sí ojú ọ̀tún Màámi. Dókítà ní kí Màámi máa kán oògùn kan tó funfun bíi wàrà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kẹ́míìsì wo ìgò náà, ló bá figbe ta: “Sítẹ́rọ́ọ̀dù nìyí! Òun gan-an ló ń fa glọkómà!” Láti ìjẹta ni Màámi ti sọ ìgò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ọ̀hún kò sì dùn wọ́n. Ṣé kí wọ́n pa oògùn náà tì?
Ọmọ Ìyá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ìgò yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó ka ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lónìí, kí ẹ sọ iye ọjọ́ tí Màmá kò fi kán an.

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú ń yún, tí wọ́n á lọ ra oògùn àkán-sójú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi dexamethasone fúnra wọn. Ìyún náà á lọ, wọ́n á tún rà á, oṣù á gorí oṣù. Lára àwọn kan, omi inú ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í há, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti kú níbẹ̀ kì í jí mọ́.

Ṣùgbọ́n ti Màmá yàtọ̀. Ọ̀kan lára iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ jù fún glọkómà ni trabeculectomy, èyí tí Dókítà Cairns ti Cambridge kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1968. Wọ́n á la ọ̀nà kékeré sára funfun ẹyinjú lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi tó há lè máa gbabẹ̀ jáde. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó á wú díẹ̀ bí ìléròrò. Ara kò mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ la ọ̀nà yẹn ni. Ẹgbò ló kà á sí, á sì fẹ́ fi àpá dí i. Tó bá dí i pa, omi á tún há, iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ara àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń yá sí dídí i jù.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń lo oògùn mitomycin lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ń fi sítẹ́rọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Sítẹ́rọ́ọ̀dù yìí ń pa ìwú àti ìgbóná ẹgbò, nítorí ibẹ̀ ni àpá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni ara ń ṣe àpá jù, nítorí náà wọ́n ń kán an léraléra, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ti pé kò dun Màmá kò fi nǹkan kan hàn. Àpá kì í pariwo.

Ṣé oògùn yìí náà lè mú kí omi há? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan, ó sì lè fa cataract. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe há nínú ojú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Bí omi bá há, dókítà ló lè mọ̀ bóyá àpá ló fà á tàbí oògùn. Èèyàn kò lè ti ẹ̀yìn káńtà kẹ́míìsì mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ìdí ìgò náà: ẹ ó rí i pé funfun rẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀. Tí ẹ kò bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, omi lásán lẹ ń kán. Ẹ̀kán kan tó. Kí ẹnu ìgò má kan ojú. Kí Màmá dijú, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tí oògùn mìíràn bá wà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má kán an sí ojú òsì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra ojú ọ̀tún.

Bí ojú tí wọ́n ṣe yìí bá pọ́n, tó ń dùn, tó yọ ọyún, tàbí tó ṣú, ìbáà jẹ́ ọdún márùn-ún sí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má gba kẹ́míìsì ẹ̀gbọ́n lọ.