Àpótí Ìmọ̀: Nígbà tí Ìjàpá Bá Ń Yìnbọn

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ìjàpá, pọ̀ l'Ékòó. Àwọn tó ṣẹ́ kù ti gbó, àwọn mìíràn sì máa ń dún gbàù bí ìbọn ṣákábùlà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ fetí sí ibi tí ìró náà ti ń jáde.

Bó bá jẹ́ inú kábúrétọ̀ ni, iná ti kan epo nígbà tí fáàfù ìwọlé ṣì ṣí. Ó lè jẹ́ pé fáàfù náà jóná, tàbí pé wọ́n fún un le jù. Afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé lábẹ́ kábúrétọ̀ náà lè fà á, nítorí epo tí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tètè jó tán. Wáyà púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣì fi sípò ńkọ́? 1-4-3-2 ni iná ń tẹ̀lé nínú ìjàpá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ 1-3-4-2 ti Peugeot 504 lè ṣèèṣì.

Bó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà ló ń dún, epo tí kò jó ló lọ gbiná níbẹ̀: yálà púlọ́ọ̀gì kan kò tanná, tàbí sàlẹ́ńsà ti lu, tó ń fa afẹ́fẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ásẹ̀lérétọ̀.

Kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sáré tú, ìwà ìkánjú gbáà. Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.4 mílímítà, bó bá ti yí padà, àsìkò tí iná ń ṣẹ́ náà ti yí padà nìyẹn.