Ìwé Wo Ni Bàbá Tuntun Yóò Kà?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 13:2-14

Nígbà tí aya Mánóà sọ fún un pé òun yóò bí ọmọkùnrin kan, Mánóà kò bèèrè lọ́wọ́ Olúwa bóyá ọmọ náà yóò lówó. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí a kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn yóò ṣe sí ọmọ náà. Ẹ kíyè sí ẹsẹ 13 àti 14 dáadáa. Áńgẹ́lì náà kò sọ ohun titun kan fún Mánóà. Ó dá a padà sí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́.

Bàbá tuntun òde òní náà a máa bèèrè. Òmíràn a ra ìwé ìtọ́jú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ní ilé ìtàwé, òmíràn a yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun rere ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa àtijọ́ ka ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ sí iṣẹ́ obìnrin, nítorí náà ọkùnrin tí ó jókòó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé ni a gbọ́dọ̀ fi ọmọ ṣe.

Ní 1928, John B. Watson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé tí ó fi kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe máa dì mọ́ ọmọ wọn, kí wọ́n má sì máa fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, ó tó. Ìyá tí ó ti fi ọ̀já pọn ọmọ mẹ́fà ìbá rẹ́rìn-ín, òun ni yóò sì jàre.

Èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní 1946 ni ìwé Dókítà Benjamin Spock jáde. Kí ó tó kú ní 1998, ẹ̀dà ìwé náà tí a ti tà ju 50 mílíọ̀nù lọ. Ó gba àwọn òbí níyànjú láti fẹ́ràn ọmọ wọn láìbẹ̀rù, a sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àtúntẹ̀ láti apá ìparí àwọn ọdún 1950, ó ní kí a máa dojú ọmọ ọwọ́ bolẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn, kí èébì má baà há a lọ́fun. Ó jọ ọgbọ́n. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn rí i pé sísùn ní ìdojúbolẹ̀ wà lára ohun tí ń mú kí a bá ọmọ tí kò ṣàìsàn ní òkú lórí ibùsùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991, ní Amẹ́ríkà ní 1994, a bẹ̀rẹ̀ sí polongo pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàrin ọdún mẹ́wàá náà. Spock kò ní ibi lọ́kàn rárá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ra ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù yóò ka ìmọ̀ràn náà bí ẹni pé àná ni a kọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ wá ọdún tí a tẹ ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan oorun, oúnjẹ, ibà tàbí oògùn, ìwé tí ó ti pẹ́ lè ṣe ọmọ ní ibi. Bí ó bá jẹ́ ti sùúrù, òtítọ́, tàbí bíbá ọmọ wí láìbínú, pípẹ́ kò bà á jẹ́. Ẹ wo ẹni tí ó kọ ọ́ pẹ̀lú. Ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn tí ń ta wàrà alágolo bá pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí ó sì kọ ìwé fún ilẹ̀ òtútù lè sọ púpọ̀ nípa bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí ó má sọ nǹkan kan nípa ẹ̀fọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń le ni inú ilé. Láti 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ọmú nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà, láìfi omi kún un. Ìyá àgbà wá láti ṣe ọlọ́jọ́jọ̀jò, ó ti po àgbo, ó sì ti gbé omi sórí iná. Kí ni bàbá yóò ṣe? Àwọn kan a na ìwé sí ìyá wọn lójú, bí ẹni ń pe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Àwọn mìíràn a sá jáde, wọn a fi ìyàwó sílẹ̀ láti bá ìyá ọkọ jà. Èyí burú jù. Ìyá rẹ ni, ìwọ ni kí o bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀: “Màmá, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò sọ.” Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí kò ní gbà á lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi ìwé ṣe pàṣán fún ìyàwó yín. Òun ni ó ń jí lóru, òun ni ó mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe inú rírun. Ẹ jọ kà á. Bí ìwé bá sọ ohun kan tí ìyá ọmọ sì rí òmíràn lára ọmọ, ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Mánóà tilẹ̀ ní láti dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi sáré wá pè é.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì:

Kí ni ìdí rẹ̀ tí áńgẹ́lì náà fi padà tọ obìnrin náà lọ ní ẹsẹ 9, nígbà tí ó jẹ́ pé Mánóà ni ó gbàdúrà?

Ìmọ̀ràn wo nípa ọmọ ọwọ́ ni àwọn àgbà fún yín tí ẹ ṣì ń dúpẹ́ fún? Èwo ni nọ́ọ̀sì ní kí ẹ fi sílẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé ìtọ́jú ọmọ tí ó wà nílé rẹ̀ wá, kí a jọ wo ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ àti ohun tí ó sọ nípa oorun ọmọ.